Dírípù Ewé Odò

Òórùn ẹmu ni mo fi ń rántí ọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mu ẹmu nílé wa. Ìlaròó ni à ń gbé. Màmá mi, tí wọ́n ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ rí, ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àìsàn rọpárọsẹ̀. Apá ọ̀tún wọn rọ, ohùn wọn sì lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí a wá nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn gbé síwájú wọn, nítorí ẹni tí kò rí ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lè gbàgbé ọ̀rọ̀ pátápátá.

Àbúrò mi ọkùnrin, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò, gbé àpótí onígíláàsì kan wá, ó da omi sí i, ó sì kó ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà sínú rẹ̀. Èmi lọ sí Ìlobì, mo wú ewé odò níbi tí Màmá ti ń pọn omi nígbà ọmọge wọn, mo gbìn ín sínú iyanrìn ìsàlẹ̀ àpótí náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá kò fi gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé a gba inú omi kọjá, a máa mì lójú wọn bí àlá oorun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí ó ti ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń kọjú sí ògiri.

“Ebi ló ń pa ewé yẹn, ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò mi wí lórí fóònù. “Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì kéré nínú omi. Ẹ po ṣúgà àti yíìsì sínú ìgò. Bó bá ti ń kan, ó ń mí nìyẹn. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé èémí rẹ̀ wọnú omi.”

Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, mo ní kí ni mo fẹ́ fi yíìsì ṣe nígbà tí ẹmu ń hó fúnra rẹ̀? Mo ra ẹmu, mo bu ṣúgà sí i, mo lu ìdérí ìgò oníke, mo ki rọ́bà dírípù tí a gbé bọ̀ láti ọsibítù bọ ihò náà, mo fi gọ́ọ̀mù dí i yíká, mo sì ki ẹnu rẹ̀ kejì sínú omi àpótí. Dírípù tó ti bọ́ Màmá ni yóò bọ́ ewé odò wọn. Nígbà tí ó fi máa di òwúrọ̀, hóró afẹ́fẹ́ ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gòkè bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn ẹnì kan nísàlẹ̀ odò. Màmá yíjú padà.

Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú mi, hóró náà ń yá jù, nọ́ọ̀sì sì ti kọ́ mi bí a ṣe ń yí róólà dírípù, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń fún rọ́bà, kí omi má baà sáré. Mo yí i dé ìdajì, mo tún yí i pa. Ọmọ Ìlobì ni mí o! Kò sí ọmọdé kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ewé ni ẹlẹ́mu fi ń dí ẹnu agbè, kì í dé e pinpin. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa wí pé ohun tó bá ń mí, a kì í dí i nímú. Ìyàwó pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ni ìdérí fò gbàù, tí ẹmu sì tú sórí gèlè wọn.

“Ẹmu?” ni wọ́n kígbe. “Nínú ilé Màmá Ìjọ?”

“Ewé la rà á fún, Mà.”

“Ewé tún ti ń mu ẹmu! Olúwa, gbà wá o!”

Ìró kan jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ìdajì ìgò ni mò ń bu ẹmu sí, n kò sì fọwọ́ kan róólà mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, n ó fa rọ́bà yọ nínú omi, nítorí ewé kì í jẹ èémí yẹn nínú òkùnkùn. Ẹja ni ì bá fún pa. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó ti Màmá, tí mò ń ka hóró afẹ́fẹ́ sókè kí n lè mọ̀ bóyá ó yá tàbí ó fà. Ewé tuntun yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Màmá ń wò, wọn kò sọ nǹkan kan. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìrètí nù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń ṣú, ọkàn mi wà lára aṣọ tí mo sá síta.

“Èje, ẹ̀jọ, ẹ̀wá…”

“Ẹ̀sán,” ohùn kan wí lẹ́yìn mi, ó ń ha bí iyanrìn. “O fo… ẹ̀sán.”

Òjò pa gbogbo aṣọ náà lọ́jọ́ yẹn.

Màmá sọ̀rọ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìbáwí, kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Àpótí náà ṣì wà lójú fèrèsé. Yíìsì ni mò ń lò báyìí, ilé kò sì ní òórùn ẹmu mọ́. Mo ṣì máa ń ka hóró afẹ́fẹ́ láràárọ̀. Bí mo bá ti dé ẹ̀jọ, n kì í pe ẹ̀sán, n ó jẹ́ kí èyí tó kàn rọra gòkè títí yóò fi fọ́ lójú omi.