Káàdì Tó Ṣì So Lorna Mọ́ Duane

Láti ìgbà tí ewé ń wọ́ ni kóòtù ti tú Lorna Wojcik àti Duane ọkọ rẹ̀ ká. Adájọ́ ní Duane ni kó san gbèsè káàdì ìrajà-àwìn tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀. Lójú Lorna, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àfi bí báńkì ṣe pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti ń gé wàràkàṣì fún oníbàárà nílé ìtajà, pé oṣù méjì rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti san ohunkóhun.

Lorna ní kí wọ́n lọ bá Duane, adájọ́ ti dá a. Obìnrin tó wà lórí fóònù ò bá a jà.

"Mà, adájọ́ tú ẹ̀yin àti ọkọ yín ká. Kò tú àwa àtẹ̀yin ká. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fọwọ́ sí i."

Ilé kékeré kan wà létí odò tí Lorna fẹ́ fowó yíyá rà. Bí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ báńkì, ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba ilé Duane lọ. Duane ń din ẹja, bí gbogbo ará Wisconsin, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, ti ń jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ òtútù, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun Duane. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ káàdì. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í bá èèyàn jókòó sídìí tábìlì. Ìgbà tí àlejò bá ti dágbére tán ló tó ń yọjú. Lorna mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣe sùúrù. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ gbá itan méjèèjì, ó ní ó yá, òun ń lọ. Wọ́n dágbére nídìí àga. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún dágbére. Lorna ti wọ mọ́tò, ó ti ṣíná sí i, kí Duane tó kan fèrèsé.

"Wọ́n pè ẹ́, àbí?"

"Wọ́n pè mí."

Duane ń fi bàtà tú yìnyín ilẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ bébà ti dá òun dúró, ojú ló ń ti òun láti sọ ọ́.

"Mo ta alùpùpù orí yìnyín mi láàárọ̀ yìí. Owó ẹ̀ á ká gbogbo gbèsè náà."

Lorna wò ó. "Èyí tó o fẹ́ràn jù mí lọ?"

"Òun náà ni. Kò bá mi jà rí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Lorna kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohùn jẹ́ẹ́, ó ní sísan nìkan ò tó. Bí káàdì náà bá ṣì ṣí sílẹ̀, ẹni yòówù tó bá fi rajà lọ́la, ọrùn àwọn méjèèjì ni gbèsè ẹ̀ ń bọ̀. Àwọn gbọ́dọ̀ jọ tì í pa. Duane gbà.

Nígbà tí Duane san gbèsè náà tán, wọ́n jókòó síwájú fóònù kan ní ilé ìdáná Lorna. Báńkì ní kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ kí àwọn tó ti káàdì náà pa. Wọ́n pè é. Ó parí. Lorna mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé lẹbẹ ẹja, ó gé káàdì tirẹ̀, ó na àlùmọ́gàjí sí Duane.

Duane gé tirẹ̀ náà, ó gbá itan rẹ̀, ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró bí ìṣe wọn, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kù. Kò rí ìkankan.

"Ó dàbọ̀, Lorna."

"Ó dàbọ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́, ó sì lọ.