Sí Afọwọ́jí-Ọkọ̀, Láti Ọwọ́ Ìyàwó Rẹ̀ Tí Inú Ń Bí

Ó dìgbà ó ṣe o, Bàbá Bọ́lá, olówó orí mi! Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, kí n kọ ọ́ pé ẹ ti lọ sinmi. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí ikú, ó ń bí mi sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbá yín tó sì sá lọ, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà.

Ẹni rere lẹ jẹ́, kí n kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ bíbí Ìfọ̀, ajífọ-ọkọ̀-kó-tó-fọjú, ẹni tó fi ọkọ̀ akóyanrìn ògbólógbòó kan kọ́lé sí Mowé, tó fi rán àwọn ọmọ níwèé. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé lápá Ọ̀fàdà ló mọ̀ yín. Yanrìn tí ẹ bá já sílẹ̀ fún opó, òkìtì rẹ̀ máa ń ga ju ti àwọn tó lọ́kọ nílé lọ, ẹ kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ti darúgbó. Pọ́m̀pù tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú táǹkì wá sínú ẹ́ńjìnì ti gbó. Bí atẹ́gùn bá ti ráyè wọ páìpù báyìí, ọkọ̀ á kú sójú títì. Ẹ̀yin á já ewé, ẹ ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè yà fún un. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì tó kọjú sí títì, ẹ ó tú nọ́ọ̀tì, ẹ ó máa fi ọwọ́ fa dísẹ́ẹ̀lì títí ìfóòfó á fi tán lẹ́nu páìpù. Bí ẹ bá délé, òórùn dísẹ́ẹ̀lì á gba gbogbo yàrá, inú yín á sì máa dùn bí ẹni tó pa ẹkùn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ yín ló sọ yín ní Afọwọ́jí-Ọkọ̀. Wọ́n á máa pè é, orí yín á máa wú.

Èmi ni mo ra pọ́m̀pù oníná. Ràṣídì, mẹkáníìkì wa ní Ìbafọ̀, ló júwe rẹ̀ fún mi. Ó ní òun á so ó mọ́ páìpù lábẹ́ ọkọ̀ nítòsí táǹkì, òun á fa wáyà rẹ̀ dé ibi kọ́kọ́rọ́, òun á sì fi fúùsì sí i kí wáyà má baà jó. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, dísẹ́ẹ̀lì á máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Kí lẹ wí? “Ìyá Bọ́lá, ọkọ̀ tí èèyàn kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ ni, ẹ sì dì í mú ju Bíbélì lọ. Ọjọ́ tí Ràṣídì bá ṣe tán, ẹ ó ní àwọn kan ń retí yanrìn ní Ìbógùn. Bí kò bá sí ti Ìbógùn, ẹ ó ní iná àti dísẹ́ẹ̀lì kì í gbé yàrá kan náà. Èmi àti Bọ́lá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbé pọ́m̀pù sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ọba kò jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ọ̀sán gangan ni, ní Ìbafọ̀, níbi tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ sọ fún mi pé ẹ já ewé náà, pé ẹ tò ó dáadáa, pé ó sì pọ̀. Ewé, Bàbá Bọ́lá! Ta ló ń wo ewé lórí títì márosẹ̀ yẹn? Bọ́ọ̀sì náà gun ewé kọjá, ó sì bá yín níbi tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ yín nígbà tí mo dé.

Lẹ́yìn tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wá sí iwájú ilé wa, Ràṣídì wá pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun so pọ́m̀pù náà mọ́ ọn, kí ọkọ̀ lè gbé yín délé ní Ìfọ̀. Mo gbé ẹ̀wà kaná fún àwọn tó wá kí wa, mo jáde lọ wò ó. Ẹ̀wà kò tíì jinná tó fi parí iṣẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ó yí kọ́kọ́rọ́, pọ́m̀pù kùn díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ yín tó dúró níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ o, àwọn kan náà tó ń kì yín ní Afọwọ́jí! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké bí ọmọdé. Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ka ìwé yìí, mo dúpẹ́ pé ẹ dúró tì wá, ṣùgbọ́n ẹ má fi oríkì ti ẹnikẹ́ni sójú títì mọ́.

Lónìí, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé yín lọ sí Ìfọ̀. Ẹlòmíràn ló máa wà á, èmi á jókòó síwájú. Inú kò bí mi débi tí mi ò fi ní sìn yín délé. Bí mi ò bá fẹ́ràn yín ni, kí ni ì bá máa bí mi nínú?

Mi ò ní í sọ fún yín pé kí ẹ má jọ̀kùn, kí ẹ má jekòló; àwọn tó kù á ti sọ ìyẹn. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ yẹn, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá ṣe é. Ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan yìí péré, ọkọ mi, kí ẹ sì sùn re o.

Ìyàwó yín,
Ìyá Bọ́lá