Ìka Àdùkẹ́ àti Ijó Ìlà Méjì

Iléṣà ni Àdùkẹ́ ti kọ́ fáyólíìnì, nínú ìjọ aláṣọ funfun, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tó dé Peckham nílùú òyìnbó, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló rí ṣe, fáyólíìnì sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Seth ló mú kó yọ ọ́ jáde. Òyìnbó New Cross ni Seth, ìyá rẹ̀ ni Àdùkẹ́ ń tọ́jú nígbà náà. Òun ló máa ń pe ijó fún àwọn tó ń jó kóntírà nínú gbọ̀ngàn kan ní Nunhead. Àwọn oníjó á tò sí ìlà méjì, wọ́n á kọjú síra wọn, Seth á sì máa sọ ìgbà tí wọ́n máa di ọwọ́ mú, ìgbà tí wọ́n máa yí ká, àti ìgbà tí wọ́n máa bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń ta fáyólíìnì fún wọn kò wá, Seth ní kí Àdùkẹ́ wá gbìyànjú.

Díẹ̀díẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ilésanmí, ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, ń ta jìtá. Dámisọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ta fáyólíìnì kejì. Wọ́n mọ̀ wọ́n dé Surrey Quays. Àdùkẹ́ ló ń yan orin, òun ló ń sọ bó ṣe máa yá tó, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Ìgbà òtútù kan ni ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Dókítà ní làkúrègbé ni, pé oògùn lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n ìka náà kò ní yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àdùkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Níbi ijó tó tẹ̀ lé e, ìka náà há mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín orin. Dámisọ́lá gba orin náà, ó ń gbé e lọ. Àwọn oníjó ò tiẹ̀ mọ̀. Nínú mọ́tò, Àdùkẹ́ bi í pé, "Ta ló ní kí o gba orin lọ́wọ́ mi?"

"Mummy, ẹ ti stop. Wọ́n ṣì ń jó. Kí ni kí n ṣe?"

"O sáré jù."

"Bí mo ṣe ń ta á nìyẹn, Mummy."

Nígbà tí wọ́n délé, Àdùkẹ́ ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Dámisọ́lá ní òun ò ní tú u ká. Àdùkẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ó wù mí kí n máa lọ síbi ijó," ni Ilésanmí wí. "Kí ìwọ náà máa bọ̀."

Àdùkẹ́ kò lọ. Bí wọ́n bá ti jáde, á máa lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìka náà ń dùn ún, àmọ́ èyí tó dùn ún jù ni pé wọn ò padà wálé sọ fún un rí pé ijó náà bàjẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Seth wá kí wọn. Ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ń kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Wales. Ó ní kí Àdùkẹ́ wá gba ipò òun.

"Èmi? Pẹ̀lú ohùn mi yìí?"

Seth ní ohùn náà ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ìyẹn sì tó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Àdùkẹ́ pe ijó, ó pe ọ̀tún ní òsì. Ìlà méjèèjì dà pọ̀ mọ́ra, àwọn ọkùnrin gíga méjì forí gbárí. "Ẹ padà sí àyè yín," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà. Dámisọ́lá dá orin dúró, ó dúró de ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń sáré. Àdùkẹ́ rí i pé òun ní láti sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbéra, kí ọ̀rọ̀ náà sì kúrú. Bó ṣe ń pè é nìyẹn títí ijó fi parí.

Òun ló ń pe ijó báyìí. Dámisọ́lá ló ń yan orin, ilé ìdáná ni wọ́n sì ti máa ń jiyàn lórí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Àdùkẹ́ fẹ́ orin jẹ́jẹ́ kan. Dámisọ́lá ní rárá. Èyí tí Dámisọ́lá yàn ni wọ́n ta.