Ọjọ́ Tí Mo San Owó Ilé Àwọn Òbí Mi

Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní àdúgbò àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú. Nígbà tí ìjọba alágbádá fẹ́ padà dé, tí gbogbo olóṣèlú ń tẹ pósítà, a kì í sinmi rárá. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka pósítà, kí n sì dì í ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, owó gidi ń wọlé fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kíá ni mo sì máa ń ná an, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe ń ná owó nílé wa ní Bàrígà nìyẹn. Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọjọ́ tó bá gbowó oṣù, á ra adìyẹ méjì àti kíréètì mínírà kan, gbogbo ará ilé á sì jẹun lọ́dọ̀ wa. Màmá mi á ra abọ́ aláràbarà tí a ò nílò. Kí oṣù tó dé ìdajì, gàrí la ó máa mu, a ó sì máa yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà onílé. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn lawọ́ jù ni, wọn ò sì ro ti ọ̀la.

Obìnrin àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló ṣàkíyèsí mi. Kò bá mi wí. Ó gé pósítà tó bàjẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ di àpò ìwé mẹ́ta, imú olóṣèlú kan wà lára ọ̀kan, etí rẹ̀ wà lára èkejì. Ó ní, "Oúnjẹ, aṣọ, èyí tí o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ibí ni kó o ti máa pín owó rẹ, kó o tó dé títì." Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn ìdìbò, bàbá mi yọ sí mi lẹ́nu iṣẹ́, fìlà lọ́wọ́. Onílé ti fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta ká kó jáde, nítorí owó ilé tí a jẹ ẹ́.

"Mo gbọ́ pé o ní owó díẹ̀ nílẹ̀," ó wí. "Kó owó náà wá, kí n lọ fún onílé."

Mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ṣé olè ni mí ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni màá san án."

Mo gba owó náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, a sì jọ rìn dé Bàrígà. Mo kúnlẹ̀ níwájú onílé, mo san owó oṣù mẹ́fà, mo sì gba rìsíìtì. Ilẹ̀ ni bàbá mi ń wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, màmá mi sì ní mo ti fẹ́ di baálé ilé. Ó dùn mí dé ibi tí mo fi sunkún. Ṣùgbọ́n a ò kó jáde.

Lọ́dún kejì, wọ́n san owó oṣù tí wọ́n jẹ bàbá mi níbi iṣẹ́. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wọlé, inú ti ń bí mi, àfi bó ṣe pè mí sí yàrá, tó kó ìyókù lé mi lọ́wọ́. "Bá mi mú un dání," ó ní. "Mo mọ ara mi."

Mo ti ní ilé ìtẹ̀wé tèmi báyìí, àwọn èèyàn sì rò pé ilé ìtẹ̀wé náà ni mo fi ń yangàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí bàbá mi kó owó lé mi lọ́wọ́ ni. Bàbá mi kò fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ro gbogbo èèyàn tó mọ̀ láyé, ó sì mú èmi, ọmọ tó kọ̀ láti kó owó lé e lọ́wọ́.