Géèjì Àbúrò Mi

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti Èkó dé pẹ̀lú géèjì tuntun tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, inú mi ò dùn rárá. Èmi ni àkọ́bí. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní àdúgbò Adébáyọ̀ kí òun tó mọ púlọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí bátìrì. Síbẹ̀, bàbá wa kò gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi rí. "Iṣẹ́ ọkùnrin ni," ló máa ń wí.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kò lè gun òkè mọ́, àbúrò mi ni Bàbá pè wá sílé rẹ̀ ní Ìgèdè. Mo bá a lọ. N ò ní purọ́, mo fẹ́ kó tàsé.

Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó de géèjì mọ́ ojú ihò sílíńdà, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ géèjì fò sókè gan-an. Bákan náà ni sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí. Ó fi fóònù ṣírò.

"Bàbá, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni ẹ́ńjìnnì yín ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí géèjì kà ju ìlọ́po mẹ́sàn-án agbára afẹ́fẹ́ ìta lọ. Èédú ti dì sínú rẹ̀, ó ti gba àyè afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

Bàbá ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Kò fetí sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Má ṣí i," ni mo wí. "Ṣé o ti fọwọ́ kan ìdí póńpù kẹ̀kẹ́ rí? Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ kíákíá máa ń gbóná, ooru náà á sì tún fi kún agbára rẹ̀. Ó yẹ kí géèjì ju ìṣirò rẹ lọ. Tó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án géérégé ló kà, ìgbà yẹn ni ká máa wá ibi tó ti ń jò."

Ó tú géèjì kúrò. "Àǹtí mi, kí ló wá ń ṣe é?"

Mo tú fíítà epo. Ìdọ̀tí ti dí i pa. A fi tuntun sí i, Bàbá sì wa ọkọ̀ gun òkè ẹ̀yìn ilé láìdúró.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ àbúrò mi mú. "O kú uṣẹ́ o, ọmọ mi!"

"Bàbá, Àǹtí ló ṣe é o."

"Mo gbọ́." Ó wọlé, ó gbé ìgò mínírà kan ṣoṣo jáde, ó gbé e fún un.

Àbúrò mi dá a sí ife méjì, ó na ọ̀kan sí mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ṣùgbọ́n n ò gbà á.