A Fi Àtẹ́wọ́ Ka Omi Bọ́sẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí owó epo ń pa bí ọtí, ẹ ó máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Ó le kú lóòótọ́. Èmi wà níbẹ̀.

Gàrí ni mò ń yan láàárọ̀ ọjọ́ tí ogun abẹ́lé dé, tí ìbọn dún lóríta Ọ̀rẹ̀. Mi ò sọ agbada kalẹ̀ kúrò lórí iná. Mo pọn Bọ́sẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, èmi àti bàbá rẹ̀ gba inú oko kòkó forí lé Omifúnfún. Omi ẹrẹ̀ la mu lọ́nà. Ọjọ́ kejì tí a dé ilé àdúrà àwa Aládùúrà níbẹ̀, Bọ́sẹ̀ ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Olúwa ò sùn. Nọ́ọ̀sì kan tí ìjọba gbé láti Ṣakí wá sí Odígbó ti sá dé síbẹ̀, ìgò omi ìfàsára kan ṣoṣo ló kù nínú àpò rẹ̀. Ó so ó mọ́ àjà, ó ki abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rọ́bà rẹ̀ bọ ọmọ mi lọ́wọ́, ó wá ń fi ìka ṣírò lórí iyanrìn: omi inú ìgò, ẹ̀kán mélòó, wákàtí mélòó. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fún irin tó há rọ́bà náà títí omi fi ń kán bó ṣe fẹ́.

"Wákàtí mẹ́rin ni kó gbà. Bó bá falẹ̀ jù, ẹ ó pàdánù rẹ̀. Bó bá yára jù, omi á kún un láyà."

Ni wọ́n bá ké láti ìta pé ìbọn ti ba ọkùnrin kan. Nọ́ọ̀sì wo gbogbo àwa ìjọ tó yí i ká.

"Irin yìí ti gbó, ó ń yọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ bí omi ṣe ń kán yìí, ẹ má dúró. Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ di irin mú, kí omi máa bá àtẹ́wọ́ dọ́gba." Ó sáré jáde lọ bá ọkùnrin náà.

Pá. Pá. Wòlíì tó ń darí ìjọ wa dá orin jẹ́jẹ́ sí i. Ó ń lọ dáadáa, Bọ́sẹ̀ tiẹ̀ lajú. Àfi gbàù! lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin náà mọ Aládùúrà: bí ẹ̀rù bá dé, àtẹ́wọ́ a gbóná. Orin yí padà, pápápá! Ọkọ mi olóòótọ́ ń tú irin tẹ̀ lé wọn, omi ń ṣàn wọ̀ọ̀. Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ àtẹ́wọ́ náà níta. Ó já wọlé tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó há irin pinpin. "Ẹ fẹ́ fi omi pa á ni?"

"Ọmọ mi, ogun ti dé ẹ̀yìnkùlé," Wòlíì fèsì. "Ṣé jẹ́jẹ́ la ó tún máa ṣe?"

"Jẹ́jẹ́ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí èémí ọmọ rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì tún dá omi náà padà sí ìwọ̀n. Mo dìde. Èmi tí mi ò dá orin rí, mo bọ́ síwájú: pá. Ìbọn dún. Pá. Ọwọ́ mi ò sáré. Wòlíì tẹ̀ lé mi, ìjọ tẹ̀ lé e.

Ìgò gbẹ, a ṣì ń pàtẹ́wọ́. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbọn ti dákẹ́. Bọ́sẹ̀ ló ní, "Ìyá mi, ebi ń pa mí." Hẹ̀ẹ́! Mo bú sẹ́kún.

Bọ́sẹ̀ ti di ọmọge báyìí. Bí ìjọ bá ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan, tèmi a máa falẹ̀, àwọn akọrin a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Á sún mọ́ mi, á máa bá mi falẹ̀.