Ilẹ̀kùn Àárín Ojúlé Méjì

Ojúlé méjì ló wà nínú ilé Bàbá Gẹdú, ògiri kan ṣoṣo ló pín wọn. Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì, pátákó tó ń rẹ́ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ ti fò lọ bí ẹyẹ, ilé wá fẹjú mọ́ ọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ní kó fi ojúlé kan háyà.

"Bàbá, ilé téèyàn ò bá gbé, aláǹgbá ni yóò di onílé níbẹ̀."

Obìnrin kan tó ń yan búrẹ́dì ló kó wọlé. Òru ló ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ ló ń sùn. Àárọ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Gẹdú máa ń yí rédíò sókè, torí etí rẹ̀ ti ń di. Kò pẹ́ tí oníbúrẹ́dì fi wá kanlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dín rédíò kù. Àfi bíi pé abẹ́ ìrọ̀rí mi ni oníròyìn yẹn jókòó sí."

"Ṣé kí n wá máa yọ́ gbé nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni?"

Síbẹ̀, ó dín in kù. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ń bá a yí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbúrẹ́dì dé láti ibi iṣẹ́, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, oorun ò kùn ún. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kí ló dé tí rédíò ò ké? Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó lọ kanlẹ̀kùn bàbá, ó pè é títí, kò gbọ́ ohùn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó yọjú lójú fèrèsé balùwẹ̀. Bàbá Gẹdú ló nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí. Ó ti yọ̀ ṣubú.

"Ẹ má mira o! Mò ń bọ̀!"

Èjìká ló fi já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó figbe ta, mẹkáníìkì òdìkejì títì sáré gbé mọ́tò wá, wọ́n sì gbé bàbá dé ọsibítù. Egungun ìbàdí ló kán. Dókítà ní bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ tútù yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ.

Nígbà tí bàbá lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wo oníbúrẹ́dì.

"Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn lo já?"

"Ó le o, Bàbá. Èjìká ṣì ń dùn mí."

Nígbà tí bàbá padà sílé, kò sí àárọ̀ tí oníbúrẹ́dì kì í gbé tíì àti búrẹ́dì gbígbóná wá fún un kó tó lọ sùn. Nígbà tí ọmọbìnrin Bàbá Gẹdú pè é lórí fóònù, bàbá ní, "Àbúrò rẹ ti dé o! Ìbàdí ni mo fi rọbí ẹ̀."

Bó ṣe lè fi ọ̀pá dìde, ó pe bíríkìlà pé kó la ojú ilẹ̀kùn sára ògiri àárín yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn síbẹ̀, ó sì ki ìdábùú sí i nìhín-ín àti lọ́hùn-ún, kí ẹni tó bá fẹ́ sùn lè tì í.

Bí oníbúrẹ́dì bá jí lọ́sàn-án, yóò ṣí i, wọn yóò jọ ta dírááfù. Bàbá Gẹdú ò tíì borí rẹ̀ rí. Á máa kùn, á sì tún to ọmọ dírááfù padà, inú rẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn.